Bẹ́ ẹ ṣe máa rí bábékíù Texas tó dáa jẹ láìfowó ṣòfò

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé Houston ní Texas, ẹ̀gbọ́n mi kan mú mi lọ jẹ bábékíù níbì kan tí sáìnì ẹ̀ fẹ́ẹ̀ tóbi ju ilé ẹ̀ lọ, wọ́n gbé ẹran wá, wọ́n ti da sọ́ọ̀sì pupa bò ó mọ́lẹ̀ débi pé èèyàn ò mọ̀ bóyá ẹran ni àbí búrẹ́dì, ó dùn bíi ṣúgà, ó sì le bí awọ bàtà. Mo ní ṣé èyí náà lẹ tìtorí ẹ̀ ń pariwo láti àná, súyà ilé wá ń kọ́? Mo wá ń sọ kiri pé àwọn ará ibí ò mọ ẹran yan. Irọ́ ni mo pa. Ibi tá a lọ ni ò dáa, ó sì gbà mí tó ọdún méjì kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń wá èyí tó dáa.

Kẹ́ ẹ tó ṣí Google rárá, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹran tí àdúgbò tẹ́ ẹ wà mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tó fẹ́ jẹ asun gidi, Oǹdó ló ń forí lé, kì í lọ máa wá a ní Sókótó. Bó ṣe rí ní Amẹ́ríkà náà nìyẹn. North Carolina, ẹlẹ́dẹ̀ ni, apá ìlà oòrùn ibẹ̀ odindi ẹ̀ ni wọ́n ń yan, fínígà àti ata ni wọ́n sì ń wọ́n sí i. South Carolina ní sọ́ọ̀sì mọ́sítáàdì, Memphis ní egungun ìhà ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi èròjà gbígbẹ pa lára, Kansas City ló ni sọ́ọ̀sì tòmátò tó ki tó dùn yẹn. Lápá Owensboro ní Kentucky, àgùntàn ni wọ́n ń yan o, ẹ̀yin tẹ́ ò jẹ ẹlẹ́dẹ̀ ẹ gbọ́ yẹn. Texas ní tiẹ̀, màlúù ni, pàápàá ẹran àyà màlúù tí wọ́n ń pè ní brisket. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí ilé oúnjẹ kan ní Texas tó ń polówó ti Memphis, ti Carolina àti ti Kansas City pọ̀ lórí mẹ́nù kan ṣoṣo, ẹ máa bá tiyín lọ.

Texas fúnra ẹ̀ náà ò rí bákan náà. Àárín gbùngbùn ẹ̀, bíi Lockhart, Luling, Taylor, ọ̀dọ̀ alápatà ni nǹkan ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀: àwọn ará Jámánì àti Czech tó ṣí wá síbẹ̀ nígbà ọjọ́un, ẹran tí wọn ò bá rí tà ni wọ́n ń fi èéfín yan kó má baà bàjẹ́, wọ́n á wọ̀n ọ́n ní pọ́n-ùn, wọ́n á wé e sínú bébà, oníbàárà á gbà á, ó parí. Títí dòní bébà náà ni wọ́n fi ń gbé e fúnni, bí mai súyà ṣe ń fi ìwé ìròyìn wé tiẹ̀. Ilé oúnjẹ kan tó ń jẹ́ Kreuz Market ti wà ní Lockhart láti 1900, fún ọ̀pọ̀ ọdún wọn ò gbà kí sọ́ọ̀sì tàbí fọ́ọ̀kì wọlé rárá, ọwọ́ lèèyàn fi ń jẹ ẹ́ nígbà yẹn. Ní 1999, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kéde Lockhart ní olú-ìlú bábékíù Texas. Lápá ìlà oòrùn, àwọn èèyàn dúdú ló ni ín, iṣẹ́ tí àwọn baba ńlá wọn ń ṣe nídìí ààrò nígbà oko ẹrú ni wọ́n jogún, ìdí nìyẹn tí Juneteenth, ọjọ́ tí wọ́n fi ń rántí ìdáǹdè àwọn ẹrú, ò fi lè pé láìsí bábékíù. Igi hickory ni wọ́n ń lò jù níbẹ̀, wọ́n ń gé ẹran wẹ́wẹ́ sí búrẹ́dì, tibẹ̀ sì ní sọ́ọ̀sì, ìyẹn ò sì ní kẹ́ ẹ bínú. Apá gúúsù, lọ́dọ̀ àwọn tó tan mọ́ Mẹ́síkò, barbacoa ni, orí màlúù gan-an. Ẹni tó bá mọ adùn orí ẹran ò ní fi ìyẹn ṣeré.

Ó yá, ẹ wá ṣí fóònù. Ẹ má tẹjú mọ́ ìràwọ̀, ẹni tó fún wọn ní márùn-ún lè jẹ́ pé páàkì mọ́tò wọn ló fẹ́ràn. Èmi, aago tí wọ́n ń ṣí ni mo máa ń wò. Tí mo bá rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ṣí ní 11 àárọ̀ títí ẹran á fi tán, ọkàn mi balẹ̀, torí brisket ń lo wákàtí 10 sí 14 lórí iná tó wà ní 225 sí 275 Fahrenheit, òmíì tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, alẹ́ àná ni wọ́n ti gbé e kaná, tó bá ti tán ó ti tán nìyẹn, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ sáré ṣe òmíì. Ilé bábékíù Snow's tó wà ní Lexington, ìlú kékeré kan ní Texas, Sátidé nìkan ló ń ṣí, láti aago 8 àárọ̀, ní 2008 ni ìwé ìròyìn Texas Monthly ní ibẹ̀ ló dáa jù ní gbogbo Texas, Tootsie Tomanetz, ìyá àgbà tí wọ́n bí ní 1935, ni wọ́n mọ̀ mọ́ ìdí iná ibẹ̀. Texas Monthly yìí kan náà máa ń to orúkọ 50 tó dáa jù jáde ní bí ọdún mẹ́rin mẹ́rin, ẹ wá ti 2025. Ibi tó bá ń ṣí di 11 alẹ́ lójoojúmọ́ tí nǹkan kan ò sì tán níbẹ̀ rí, ẹ fura.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má tíì wọlé. Ẹ fa imú. Èéfín igi ní òórùn tirẹ̀, ẹni tó bá ti dúró ti ìyá ẹlẹ́ja yíyan rí kò ní ṣì í mọ̀. Ẹ wá yí lọ sẹ́yìn ilé, ẹ wò ó bóyá igi wà níbẹ̀ tí wọ́n tò jọ, igi tí wọ́n ń pè ní post oak ló pọ̀ jù lápá Austin, olú-ìlú Texas. Tí ẹ ò bá rí igi kankan, tí ẹ ò gbóòórùn, gáàsì ni wọ́n ń lò.

Tó bá kàn yín nídìí káńtà, ìlàjì pọ́n-ùn brisket ti tó ẹnì kan, ẹ má jẹ́ kójú kòkòrò ti yín, pọ́n-ùn kan lè ju 30 dọ́là lọ níbòmíì. Wọ́n á bi yín bóyá èyí tó lọ́ràá lẹ fẹ́ tàbí èyí tí ò lọ́ràá, ẹ sọ pé kí wọ́n gé èyí tó lọ́ràá, òun ló ń rọ̀. Ẹ ní kí wọ́n má da sọ́ọ̀sì sí i, tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ gbà á sọ́tọ̀. Ẹ̀yin Mùsùlùmí ẹ dákun ẹ bèèrè nípa sọ́séèjì, ẹlẹ́dẹ̀ máa ń wà nínú òmíì, ẹ bèèrè nípa ẹ̀wà náà, torí ibi púpọ̀ ló ń fi ẹlẹ́dẹ̀ sè é tí wọn ò ní kọ ọ́ sára mẹ́nù.

Ẹ mú ègé kan lọ́wọ́ sókè. Tó bá dáa, á tẹ̀ wálẹ̀ láì já, tẹ́ ẹ bá wá rọra fà á, á já wọ́ọ́rọ́. Tó bá fọ́ yángá kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, ó ti jinná jù, tó bá ń fà bíi rọ́bà, kò tíì jinná. Ara ẹ̀ lóde á dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ẹ má bẹ̀rù, kò jóná, iyọ̀ àti ata dúdú ni pẹ̀lú èéfín. Lábẹ́ dúdú yẹn ẹ máa rí àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú kan. Èmi yìí, mo ti dá ẹran padà rí torí ẹ̀, mo ní kò jinná, ọmọkùnrin ìdí káńtà wò mí bí ẹni wo ará oko. Èéfín ló ń sọ ọ́ di pupa bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀.

Ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ bá ráyè, Sátidé láìnì lè gùn tó wákàtí mẹ́ta níbi tó bá lórúkọ. Èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé lọ sílé, ẹ ní kí wọ́n má gé e, torí ẹran tí wọ́n ti gé máa ń gbẹ. Ìyàwó mi máa ń rún ìyókù sínú ẹ̀wà lọ́jọ́ kejì, a kì í sọ fún àwọn tó yan án. Yájì mi náà máa ń wà lápò, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ́n ọn, ẹ kọ̀yìn sí káńtà.