₦95,000 tí mo fi ra ayédèrú kí n tó rí káàdì gíráfíìkì tó yẹ iṣẹ́ fọ́tò mi

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. ₦95,000 kì í ṣe owó kékeré fún ẹni tó ń fi kámẹ́rà jẹun n'Ìbàdàn, pàápàá owó tí mo ti ń tù jọ fún lẹ́ǹsì tuntun. Mo fi ra káàdì gíráfíìkì tí wọ́n ní GTX 1050 Ti ni, mo bá a jà fún odindi ọjọ́ márùn-ún kí n tó mọ̀ pé ayédèrú ni.

Ìgbéyàwó kan tí mo yà ló fà á. Gbọ̀ngàn náà ṣókùnkùn, iná elése àlùkò nìkan ni wọ́n tàn, mo sì ní láti gbé ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń fa ìmọ́lẹ̀ sí) dé 6400. Nígbà tí mo délé, fọ́tò 180 ló kún fún èérún wẹ́wẹ́, kò jẹ́ kí àwọ̀ ara àwọn èèyàn náà dán. Láti oṣù kẹrin ọdún 2023 ni Denoise, irinṣẹ́ tó ń fi AI fọ fọ́tò, ti wà nínú Lightroom Classic tí mo fi ń tún fọ́tò ṣe, ó sì máa ń fọ irú èérún bẹ́ẹ̀ dànù dáadáa, ṣùgbọ́n ara káàdì gíráfíìkì ló ti ń rí agbára. Dell OptiPlex 7050 tòkunbọ̀ ni mo ń lò, kò ní ju gíráfíìkì Intel tó bá prósẹ́sọ̀ wá lọ. Fọ́tò kan ń gbà á ní ìṣẹ́jú 14. Ẹ ṣírò ẹ̀: wákàtí 42, bí iná kò bá lọ rárá. Màmá ìyàwó sì ń pè mí láràárọ̀: "Ọmọ mi, fọ́tò wa dà? Àwọn ẹbí tó wá láti London ti fẹ́ padà o."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè káàdì. Gbogbo ẹni tí mo pè, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: géèmù wo lẹ fẹ́ máa gbá? Mo ń sọ fọ́tò, wọ́n ń sọ bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà. Níkẹyìn, oníṣòwò kan tó ń polówó lórí WhatsApp ní òun ní 1050 Ti tòkunbọ̀ tó mọ́, mẹ́mórì ẹ̀ 4GB. Mo ti kà á pé káàdì yẹn kì í jẹ ju watt 75 lọ, pé ojú ibi tí wọ́n ń kì í bọ̀ lára motherboard (pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà) ló ti ń rí iná, kò nílò wáyà kankan láti ara power pack, àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà. Watt 240 péré ni power pack tèmi, inú mi bá dùn. Mo fowó ránṣẹ́, awakọ̀ sì bá mi gbé e wá láti Èkó. Mo ti sanwó kí n tó rí i kó ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà.

Kíkì í bọ inú kọ̀ǹpútà kò le, ẹnikẹ́ni tó bá ti lo síkírù-dráífà rí á mọ̀ ọ́n ṣe. Driver, ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo káàdì, ni ogun.

Windows pè é ní GTX 1050 Ti bí wọ́n ṣe sọ. Mo dáńlóòdù driver láti ọ̀dọ̀ NVIDIA, ilé-iṣẹ́ tó ni GTX, ó lé ní 600MB, dátà tí mo fowó mi rà. Ó parí, mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn, ojú ẹ̀ ṣú dùdù, lẹ́yìn náà ó padà wá pẹ̀lú Code 43: Windows ti dá káàdì náà dúró nítorí ó ní ìṣòro. Mo wá driver tó ti pẹ́ jùyẹn lọ. Code 43. Mo wá èyí tó tún pẹ́ jù ú lọ. Code 43.

Mo pe ọmọkùnrin tó máa ń bá mi tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó ní Windows ló bàjẹ́, mo sì gbà á gbọ́. A nu Windows kúrò, a tún òmíràn fi sí i, gbogbo preset (ètò àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ fọ́tò) tí mo fi ọdún mẹ́ta tò jọ sì bá a lọ nítorí mi ò kó wọn pamọ́ síbòmíì. Nígbà tí a tàn án, Code 43. Ó ní ó lè jẹ́ BIOS, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dìde. A sọ BIOS di tuntun lórí jẹnẹrétọ̀ tó ń hó lẹ́yìn ilé, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá, torí bí epo bá tán láàárín ẹ̀, motherboard lè kú. Kò kú. Code 43 náà kò sì lọ. Ní gbogbo àsìkò yìí, màmá ìyàwó ń pè, mo sì ti ń sá fún fóònù mi.

Alẹ́ ọjọ́ karùn-ún, mo fẹ́ yọ wáyà mọnítọ̀ kúrò lẹ́yìn káàdì, ni ojú mi bá já. Ojú VGA aláwọ̀ búlúù, oníhò 15, ló wà níbẹ̀, òun gan-an ni mo sì ti ń lò láti ọjọ́ kìíní! Mo lọ wo àwòrán 1050 Ti ojúlówó: DVI, HDMI àti DisplayPort ló ní. Láti ọdún 2016, tí ìran GTX 10 ti jáde, NVIDIA ti yọ VGA kúrò nínú ẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń dáńlóòdù GPU-Z, ohun èlò kékeré kan tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tó ń sọ ohun tó wà nínú káàdì gan-an. Ó kọ ọ́ gàdàgbà síwájú orúkọ káàdì náà: [FAKE]. GF108 ni chip tó wà nínú ẹ̀, ìyẹn chip GT 430 ti ọdún 2010. Core (ẹ̀ka tó ń ṣe ìṣirò) 96 ló ní, 768 ló wà nínú 1050 Ti. Ẹnì kan ti tún BIOS káàdì náà kọ kó lè máa purọ́ orúkọ fún Windows. Láti 2018 ni GPU-Z ti ń tú irú àṣírí yìí, ìṣẹ́jú méjì ló sì gbà mí. Ọjọ́ márùn-ún ni mo ti fi ṣòfò.

Mo pe ẹni tó tà á fún mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kọ̀ǹpútà yín ló ti gbó." Mo fi àwòrán GPU-Z ránṣẹ́ sí i. Ó ní kí n fi ₦20,000 lé e kí òun fún mi ní òmíràn. Láti ọjọ́ kejì, kò gbé fóònù mi mọ́.

Lẹ́yìn tí mo ti bínú tán, mo wá ṣe ohun tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ ṣe: mo wo ohun tí kọ̀ǹpútà mi lè gbé àti ohun tí iṣẹ́ mi ń fẹ́. RTX 3060 oní-12GB tí gbogbo èèyàn ń yìn ń jẹ watt 170, NVIDIA sì ní power pack watt 550 ló yẹ ẹ́. RTX 4060 kò jẹ ju 115 lọ, ṣùgbọ́n òun náà ń fẹ́ wáyà iná tirẹ̀, èyí tí power pack mi kò ní. Mi ò sì lè kàn ra power pack ọjà kí n fi rọ́pò, torí ẹnu wáyà tí Dell yìí ń lò yàtọ̀ sí oníhò 24 tó wọ́pọ̀.

Ohun tó tún wá dùn mí ni pé, ká ní 1050 Ti yẹn jẹ́ ojúlówó pàápàá, kò ní yá tó bí mo ṣe rò. Tensor Core, irú core tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ AI, tó wà nínú àwọn káàdì RTX ló ń mú Denoise yára, GTX 10 kò sì ní i, GTX 1650 náà kò ní i. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi nínú gbogbo àwọn tó ń bi mí ní géèmù.

RTX 3050 oní-6GB ni mo mú. Oṣù kejì 2024 ló jáde, watt 70 ló ń jẹ, èyí tí mo rà kò sì ní ojú wáyà iná rárá. Ẹ ṣọ́ra o, 3050 míì wà tó jáde ní 2022, oní-8GB, watt 130, tó ń fẹ́ wáyà. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ẹnu àwọn ọlọ́jà sì máa ń dà wọ́n pọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo gbé kọ̀ǹpútà náà fúnra ẹ̀ wọ mọ́tò lọ sí Computer Village n'Ìkẹjà. Àǹtí kan níbẹ̀ jẹ́ kí n kì í bọ̀ ọ́ níwájú ìsọ̀ wọn. Mo ṣí GPU-Z, mo fi Denoise fọ fọ́tò mẹ́ta lójú gbogbo wọn, ìgbà yẹn ni mo tó san ₦320,000. Wọ́n ní ìlànà mi ti pọ̀ jù. Mo ní kí wọ́n má bínú, ẹnì kan ti lù mí ní jìbìtì rí.

Ìṣẹ́jú-àáyá 35 ni fọ́tò kan ń gbà báyìí. Gbogbo 180 kò gbà tó wákàtí méjì! Mo jókòó tì í, mo ń wò ó títí ó fi parí.

Bó bá jẹ́ ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ nìkan lẹ̀ ń tún ṣe, tí ẹ kì í yà ní òkùnkùn, ẹ má ra káàdì. RAM àti SSD ni kí ẹ fi owó yẹn rà. Bí mo ṣe ń kó fọ́tò wọlé kò fi bẹ́ẹ̀ yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Màmá ìyàwó gba fọ́tò wọn ní ọ̀sán ọjọ́ tí àwọn ará London ń lọ. Ní ti ayédèrú yẹn, ọmọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní kí n jẹ́ kí òun bá mi tà á ní ₦15,000. Mo kọ̀. Mo fi máàkà pupa kọ AYÉDÈRÚ sí ojú ẹ̀ méjèèjì, mo sì fi pílàyà ṣẹ́ eyín ibi tí wọ́n ń kì bọ motherboard, kí ẹnikẹ́ni má baà tà á fún ẹlòmíì mọ́.