Bí A Ṣe Ń Fi Àṣẹ Sínú Mẹ́mọ́rì Amiga 500 Kó Má Baà Máa Béèrè Dísìkì

Kọ̀ǹpútà Amiga 500 tí Commodore gbé jáde lọ́dún 1987 ní mẹ́mọ́rì 512 KB àti ojúhò kan ṣoṣo tí a ń ki flọ́pì sí. Flọ́pì kan kò gbà ju 880 KB lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n dáadáa á rò pé inú ẹ̀rọ ni àṣẹ bíi dir tàbí copy ń gbé. Rárá o. Fáìlì ni wọ́n, inú fódà C lórí Workbench, dísìkì tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ, ni wọ́n wà, gbogbo ìgbà tí o bá sì pè wọ́n ni ẹ̀rọ ń padà lọ gbé wọn.

Ká ní o ti yọ Workbench, o ti ki dísìkì tí ìwé rẹ wà sí i, o wá tẹ dir àti orúkọ dísìkì náà kí o lè mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ohun tó máa jáde lójú kọ̀ǹpútà ni "Please insert volume Workbench in any drive". O yọ ti ọwọ́ rẹ, o ki Workbench sí i, iná kékeré yẹn tàn, ẹ̀rọ kùn díẹ̀, ó tún ní kí o dá dísìkì àkọ́kọ́ padà. Pààrọ̀ dísìkì lẹ́ẹ̀mejì nítorí àṣẹ onílẹ́tà mẹ́ta! Ó máa ń sú èèyàn gan-an.

Workbench 1.3, tó jáde ní 1988, ló mú resident wá. Àṣẹ yìí máa ń gbé àwọn àṣẹ mìíràn sínú mẹ́mọ́rì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì wà níbẹ̀ títí wàá fi pa ẹ̀rọ.

Kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà Workbench rẹ, kí o sì tọ́jú ojúlówó rẹ̀. Ẹ̀dà yẹn ni ká lò. Ẹni tó bá ń lo emulator, ìyẹn ètò tó ń ṣe bí Amiga lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, irú bíi WinUAE tàbí FS-UAE, lè tẹ̀ lé gbogbo èyí bákan náà.

Ṣí Shell, fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ. Má ṣí CLI, nítorí CLI àtijọ́ kì í wo inú mẹ́mọ́rì kó tó lọ sórí dísìkì.

Tẹ list c: (c: ni fódà C yẹn) kí o sì fara balẹ̀ wo ohun tó bá jáde. Nídìí orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan, wàá rí àwọn lẹ́tà bíi --p-rwed. Lẹ́tà p yẹn ni kí o máa wá. Ó ń sọ pé bí àṣẹ náà bá ń ṣiṣẹ́, kì í yí ohunkóhun padà nínú ara rẹ̀, nítorí náà fèrèsé méjì lè jọ máa lo ẹ̀dà kan náà. Àṣẹ tí kò rí bẹ́ẹ̀ lè fi ohun tó ṣe lẹ́ẹ̀kan sílẹ̀ nínú ara rẹ̀, kí ìyẹn sì da èyí tó kàn rú. Amiga kò mọ odi sáàárín ètò kan àti èkejì: ọ̀kan tó bá ṣìnà lè gbé gbogbo rẹ̀ ṣubú, kí àpótí pupa Guru Meditation máa ṣẹ́jú sí ọ. Bí o bá fi ọ̀rọ̀ náà pure kún un, resident á gba àṣẹ tí kò ní p wọlé. Mi ò gbà ọ́ nímọ̀ràn rẹ̀, àfi bí ẹni tó kọ ètò náà bá sọ pé kò léwu.

Ó yá, tẹ ìwọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan:

avail
resident c:dir
resident c:copy
resident c:list
resident c:delete
avail

Avail ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí á fi iye mẹ́mọ́rì tí o ná hàn ọ́. Bí o bá tẹ resident nìkan, orúkọ gbogbo ohun tó ti wọlé á jáde. Wá yọ Workbench, ki dísìkì mìíràn sí i, kí o tẹ dir df0: (df0: ni orúkọ ojúhò flọ́pì náà). Kò ní béèrè nǹkankan mọ́. Ṣùgbọ́n má fi c: ṣáájú dir o. Bí o bá tẹ c:dir, orí dísìkì náà ló tún máa gbà lọ.

Àwọn kan máa ń da gbogbo fódà C sínú RAM:, ìyẹn dísìkì tí ẹ̀rọ fi mẹ́mọ́rì ṣe, ní tiwọn. Lórí 512 KB, ìnáwó burúkú nìyẹn. Fáìlì náà jókòó nínú RAM, bí o bá sì pè é, ẹ̀rọ tún gbé ẹ̀dà mìíràn sí mẹ́mọ́rì láti ṣiṣẹ́: ẹrù kan, owó ọkọ̀ méjì. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni resident ń lò. Mú èyí tí o ń pè ní gbogbo ìgbà, kí o fi irú format àti diskdoctor sílẹ̀ sórí dísìkì.

Bí o bá pa ẹ̀rọ, gbogbo rẹ̀ á lọ. Nítorí náà, tẹ ed s:startup-sequence láti ṣí fáìlì àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀, kí o kọ àwọn ìlà resident rẹ sókè ìlà loadwb. Ìlà tó dárúkọ Shell-Seg ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, má fọwọ́ kàn án, òun ló gbé Shell ró. Tẹ Esc, lẹ́yìn náà x, àti Return, kí ó lè tọ́jú rẹ̀.

Bí mẹ́mọ́rì bá há, resident dir remove á lé dir jáde. Bí fèrèsé kan bá ṣì ń lò ó lọ́wọ́, kò ní gbà. Dúró kó parí, kí o tún un tẹ̀. Fún ẹni tó bá ń lo Workbench 2, cd, echo, if àti run ti wà nínú ROM, ìyẹn mẹ́mọ́rì inú ẹ̀rọ tí kì í parẹ́, INTERNAL ni resident á kọ sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Dir àti copy ṣì wà lórí dísìkì, àwọn yẹn ni kí o gbé wọlé.