Bí mo ṣe rí onídùúró lẹ́yìn tí mo ṣẹ̀wọ̀n dé

Ẹ̀wọ̀n ọdún 6 ni adájọ́ sọ mí sí ní ìparí ọdún 2019. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ mọ̀ pé oṣù 8 ni ọdún ẹ̀wọ̀n fún ẹni tó bá gbọ́ràn, nítorí náà ọdún 4 ni mo lò. Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ni mo kó jẹ. Èmi ni akọ̀wé, ọwọ́ mi ni ìwé owó wà. Mo jẹ̀bi, ẹnikẹ́ni kò purọ́ mọ́ mi.

Nígbà tí mo wọlé, lítà bẹntiróòlù kan kò tó 150 náírà. Nígbà tí mo jáde, ó ti lé ní 500. Owó tí mo rò pé yóò gbé mi láti ọgbà ẹ̀wọ̀n Àgodi ní Ìbàdàn dé Àpáta kò gbé mi kọjá Mọ́kọ́lá. Ẹsẹ̀ ni mo fi rin ìyókù.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo gba fóònù àbúrò mi, mo tẹ nọ́ńbà mi àtijọ́. Obìnrin kan ló gbé e, Haúsá ló ń sọ. Nọ́ńbà mi ti di tẹlòmíì, wọ́n sì ti ní kò sẹ́ni tó máa gba síìmù mọ́ láìní NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba ń fúnni. NIN yìí ni kí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kọ́kọ́ wá, kó tó wáṣẹ́ rárá. Wọn kì í gbowó rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n lọ búra ọjọ́ orí ní kóòtù kí n tó wá. Bí mo ṣe tún tẹsẹ̀ bọ ọgbà kóòtù, orúnkún mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo di ara ògiri mú títí akọ̀wé fi pe orúkọ mi. Lẹ́yìn NIN ni síìmù, lẹ́yìn síìmù ni wọ́n bá mi jí àkáǹtì mi tó ti sùn ní báńkì.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mo kọ́ nínú ọgbà. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni wádà máa ń ka àlùmọ́gàjí wa. Tí ẹyọ kan bá dín, kò sẹ́ni tó máa kúrò níbẹ̀. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi nígbà náà, ṣọ́ọ̀bù ló kù. Onílé àkọ́kọ́ bi mí pé níbo ni mo ti ń bọ̀. Mo ní Kùtọnu. Ọjọ́ kẹta ló ti gbọ́, ó dá owó mi padà níṣojú àwọn ará àdúgbò. Onílé kejì, mo sọ òótọ́ fún un kó tó béèrè. Bàbá náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "O ṣeun tó o sọ ọ́. Mú onídùúró wá."

Òfin ọdún 2019 tó yí orúkọ iléeṣẹ́ ẹ̀wọ̀n padà sọ pé wọn kò gbọdọ̀ ya ẹni tó ti parí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sọ́tọ̀ nítorí ẹ̀wọ̀n náà. Inú mi dùn sí i, ó sì yẹ kí gbogbo àwa tó jáde mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀rù nítorí ilé rẹ̀, èèyàn tó máa dúró fún ọ ló fẹ́ rí. Àwọn ẹbí mi ti bẹ gbogbo ẹni tí wọ́n mọ̀ tán lórí ẹjọ́ mi, wọn kò lójú láti dúró fún mi mọ́.

Mo wá gba Bódìjà lọ, sọ́dọ̀ màmá kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́, ọ̀kan nínú àwọn tí mo jẹ lówó. A kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́, mo mọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ síwájú ìsọ̀ wọn. Wọn kò ní kí n dìde. Wọ́n ní, "Èló ni tèmi nínú rẹ̀?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, Mà."

"O ṣì rántí."

Ó pẹ́ kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀. "Dìde, ẹ̀lùbọ́ ti kùn ọ́ láyà. Àwọn àpò yìí ti ya. Máa gán wọn, màá máa yọ ọ́ nínú gbèsè."

Oṣù 4 ni mo fi jókòó sí ẹ̀yìn ìsọ̀ náà, tèmi ti abẹ́rẹ́ gígùn àti okùn ọ̀rá. Àwọn oníbàárà á béèrè ẹni tí mo jẹ́, màmá á ní, "Ọmọ tó ń báni gán àpò ni." Wọn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ rí. Nígbà tí mo padà lọ bá Bàbá onílé, mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ lọ béèrè mi ní Bódìjà. Wọ́n lọ lóòótọ́. Ohun tí màmá sọ fún wọn, wọ́n tún un sọ fún mi: "Ó jẹ mí lówó, ó sì ń san án. Mi ò tíì bá ilẹ̀kùn rẹ̀ ní títì rí."

Bàbá fún mi ní kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ àlòkù ni mo fi bẹ̀rẹ̀, aṣọ iléèwé àwọn ọmọ àdúgbò sì ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Mo ṣì ń ka àlùmọ́gàjí kí n tó tilẹ̀kùn lálẹ́. Méjì ni. Gbèsè màmá ku ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá, mo sì ń gbé e lọ ní gbogbo Sátidé.