Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí láti orí ọkọ̀ Mayflower. Ọdún 1620 ni ọkọ̀ yẹn kó àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó tẹ Plymouth dó wá, bẹ́ẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì mìíràn ti wà ní Jamestown ní Virginia láti 1607. Àwọn tí wọ́n kó lọ sí erékùṣù Roanoke ní 1587 tilẹ̀ ti ṣáájú wọn. Nígbà tí ọkọ̀ padà débẹ̀ ní 1590, kò bá ẹyọ ẹnì kan.

Ẹ má sì sọ pé torí ẹ̀sìn ni gbogbo wọn ṣe lọ. Ti Plymouth, ẹ̀sìn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ oníṣòwò kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Virginia Company, ló rán àwọn ti Jamestown, wúrà ni wọ́n sì ń wá. Ìyàn ni wọ́n rí. Nígbà òtútù 1609 sí 1610, wọ́n jẹ ẹṣin, wọ́n jẹ ajá, wọ́n jẹ eku. Àwọn awalẹ̀pìtàn hú egungun ọmọbìnrin kan níbẹ̀, ọmọ nǹkan bí ọdún 14, àpá ọ̀bẹ ṣì wà lára agbárí rẹ̀: wọ́n ti jẹ ẹran ara rẹ̀. Tábà tí John Rolfe gbìn ní nǹkan bí 1612 ló gba ìlú náà là.

Èyí tó dùn mí jù ni bí àwọn ènìyàn ṣe ń pe Amẹ́ríkà ní ilẹ̀ tí kò lónílẹ̀. Orí Patuxet, abúlé àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ Plymouth dó sí. Àjàkálẹ̀ àrùn tó tẹ̀lé ọkọ̀ Òyìnbó wá ti pa àwọn ará ibẹ̀ láàárín 1616 sí 1619. Tisquantum, ọmọ abúlé náà, kò sí nílé, torí ọ̀gá ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ti jí i gbé ní 1614, ó gbé e lọ sí Sípéènì láti tà á. Ìgbà tó padà dé, kò bá ẹbí, kò bá ará. Òun náà ló wá kọ́ àwọn àjèjì yìí bí wọ́n ṣe ń fi ẹja sí ìdí àgbàdo kó lè yọ dáadáa.

Àwa Yorùbá náà, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra. Àwọn ènìyàn dúdú bí ogún ó lé tí wọ́n kó dé Virginia ní 1619 kì í ṣe ọmọ Oòduà. Àǹgólà ni wọ́n ti wá. Ọkọ̀ àwọn Potogí ló ń gbé wọn lọ sí Mẹ́síkò kí àwọn ajalèlókun Gẹ̀ẹ́sì tó já wọn gbà. Bahia ní Brazil àti Kúbà ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tiwa dé, lẹ́yìn ìgbà náà dáadáa. Ẹ má sì kọ ọ́ pé òfin ẹrú ti wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn ará Àǹgólà yẹn gúnlẹ̀. Ní 1662 ni Virginia tó ṣòfin pé ipò ìyá ni ọmọ yóò jogún, kí ọmọ tí ẹrú bá bí lè di ẹrú láti inú oyún.