Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Sunkún Nítorí Abhi àti Pragya

Mi ò lè gbàgbé ọ̀sán ọjọ́ tí ọmọbìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn, tí ojú ẹ̀ wú bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, mo ní, "Ta ló lù ọ́?"

Ó ní, "Àǹtí, kò sẹ́ni tó lù mí. Abhi àti Pragya ló túká."

Tọkọtaya inú fíìmù Íńdíà kan tí a ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n ni Abhi àti Pragya. Oṣù yẹn gan-an ló san owó díkódà oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ó dá a lójú pé kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi padà bá ara wọn. Owó tó yẹ kó fi gba aṣọ ẹ̀ lọ́wọ́ mi ló kó síbẹ̀. Mo bu omi fún un. Nígbà tó mu ún tán, mo bá a wí. Ohun tí mo bá a sọ lọ́jọ́ náà ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí, torí látìgbà náà mo ti rí irú ẹ̀ tó pọ̀, ó sì ń ká mi lára.

Aránṣọ ni mí. Òkè orí máṣíìnì tí a fi ń wé etí aṣọ ni tẹlifíṣọ̀n ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ọdún 2015 ni Zee World, ìkànnì tẹlifíṣọ̀n tó ń gbé fíìmù Íńdíà, wọ ilẹ̀ Áfíríkà, kò sì pẹ́ tí mo fi di ará ilé àwọn Mehra, ìdílé Abhi. Twist of Fate ni orúkọ tí wọ́n fi gbé fíìmù Abhi àti Pragya wá bá wa. Kumkum Bhagya ni wọ́n ń pè é ní Íńdíà, oṣù kẹrin ọdún 2014 ló sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Mi ò ní máa ṣàlàyé gbogbo ohun tí Tanu tó fẹ́ gba Abhi lọ́wọ́ Pragya ṣe, àti èyí tí Aaliya àbúrò Abhi ṣe. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n, ọ̀rọ̀ yìí ò tíì kàn án.

Àṣìṣe kìíní ni kí ẹ gbà pé tọkọtaya ni wọ́n lóòótọ́. Shabir Ahluwalia tó ṣe Abhi ti fẹ́ ìyàwó ẹ̀, Kanchi Kaul, tí òun náà jẹ́ òṣèré, láti ọdún 2011. Ìyẹn ọdún mẹ́ta kí fíìmù yìí tó bẹ̀rẹ̀. Bí òun àti Sriti Jha tó ṣe Pragya ṣe ń wo ara wọn lójú yẹn, iṣẹ́ ni, àwọn méjèèjì sì mọ iṣẹ́ náà dunjú. Mo mọ àwọn tó ń ra dátà lóru láti máa wá fọ́tò wọn kiri, bóyá wọ́n á rí ibi tí wọ́n ti di ara wọn lọ́wọ́ mú lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Ìyàwó ọkùnrin náà ò ṣẹ̀ yín.

Èkejì: ẹ má lọ máa bú obìnrin tó ṣe Tanu lórí Instagram, iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ló ṣe.

Ẹ̀kẹta ni ti sàrí, èyí sì ń kọjá lọ́wọ́ mi, mo mọ iye owó tó ń bá a lọ. Ẹ máa ń lọ sí Gbági, ẹ máa ra sàrí oníyáàdì mẹ́fà tí wọ́n fi òwú wúrà hun etí ẹ̀, ẹ máa wá gbé e fún aránṣọ pé kó gé e sí gáùn, kí ẹ lè jọ Pragya. Sàrí kì í ṣe aṣọ tí wọ́n ń gé. Odindi ni wọ́n ń wé e mọ́ra. Búláòsì àti yẹ̀rì abẹ́ nìkan ni wọ́n ń rán. Apá kan wà ní ìparí ẹ̀ tí iṣẹ́ ọnà ibẹ̀ pọ̀ ju ti ìyókù lọ, òun ni wọ́n ń jù sẹ́yìn láti orí èjìká. Bí àlùmọ́gàjí bá ti kọjá níbẹ̀, kò sí ohun tí aránṣọ kankan lè rí ṣe sí i mọ́.

Ọmọ kan tí wọ́n fẹ́ ṣe ìdána fún gbé tiẹ̀ wá bá mi nínú láílọ́ọ̀nù, pupa fòò, ẹlòmíràn ti gé e sí mẹ́ta. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Òdòdó ńlá kan wà ní ibi èjìká yẹn. Àlùmọ́gàjí ti là á sí méjì, ìdajì wà lára èyí, ìdajì wà lára tọ̀hún, okùn wúrà ẹ̀ sì ti ń tú wálẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kó rí bí ọjọ́ tí Abhi gbé Pragya níyàwó. Mo bi í pé, ṣé ó rántí bí ìgbéyàwó yẹn ṣe rí? Abhi ò fẹ́ràn Pragya lọ́jọ́ yẹn. Nítorí kí Aaliya àbúrò ẹ̀ lè rí Purab, ọkùnrin tó wù ú, fẹ́ ló ṣe gbé e, ó sì pinnu pé òun máa fi ojú ẹ̀ rí nǹkan. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ìfẹ́ dé. Ṣé aṣọ ọjọ́ ẹ̀tàn lo fẹ́ wọ̀ jáde síwájú ìyá àti bàbá ẹ? Ọmọ náà dákẹ́. Mo fi èyí tó ṣeé lò rán búláòsì fún un, mo fi èyí tó kù ṣe ìborùn, ó sì lẹ́wà nínú ẹ̀. Àmọ́ owó sàrí náà ti lọ.

Ẹ̀kẹrin ni ìdí tí mo fi jókòó kọ̀wé. Dídúró de ìlàjà.

Ìfẹ́ Abhi àti Pragya dùn. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kò dùn, kò wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Olórin tí ìlú ń pariwo orúkọ ẹ̀, àti olùkọ́ onígíláàsì tí ìyá ẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìgbéyàwó. Ìjà ni wọ́n bá wọlé. Ìgbà tó yá, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Fuggi. Ó kọ́kọ́ ń fi orúkọ náà yọ ọ́ lẹ́nu ni. Díẹ̀díẹ̀ ni orúkọ kan náà yí padà lẹ́nu ẹ̀, tó fi jẹ́ pé bó bá ti ní "Fuggi", gbogbo máṣíìnì inú ṣọ́ọ̀bù mi á dákẹ́. Mo ní ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mẹ́rin nígbà yẹn. Kò sí èyí tí mo ní láti sọ fún pé kó dá iṣẹ́ dúró.

Wọ́n ń bára wọn jà lójú ara wọn, kò sì sí ohun tí ẹnì kan ń rò tí ẹnì kejì ò ní gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ibẹ̀ ni adùn ẹ̀ wà. Nígbà tó wá yá, ẹnikẹ́ni á kàn gbé irọ́ dé, Abhi á gbà á gbọ́. Pragya á rí òtítọ́, á fi pa mọ́, á ní òun ń dáàbò bo ọkọ òun. Kò sẹ́ni tó ń bi ẹnì kejì léèrè. Ẹ wo ọ̀rọ̀ oyún Tanu tí wọ́n gbé lé Abhi lórí nígbà tó jẹ́ pé ọkùnrin mìíràn tó ń jẹ́ Nikhil ló ni ín. Ọkọ àti ìyàwó ì bá ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n sọ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Oṣù mélòó la fi wò ó? Lẹ́yìn náà ni Abhi tún gbàgbé nǹkan, tí kò mọ ẹni tí Pragya jẹ́ mọ́, tí Tanu sì ń múra àtidi ìyàwó ilé. Mo fara da gbogbo ìyẹn. Ìka ará ìta ló wà nínú ẹ̀, mo sì gbà pé ará ìta lè ba ilé jẹ́ kí ilé náà tún padà dúró.

Wọ́n wá fo ọdún méje nínú ìtàn náà. A rí Pragya lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ King, pẹ̀lú Kiara, ọmọ Abhi, tí Abhi ò mọ̀ pé òun lòun bí i. Mo tún dúró. Nígbà tí Kiara wá kú, tí Abhi ní Pragya ló fà á, ọkàn mi kúrò níbẹ̀. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ọmọ! Bàbá ọmọ náà ló na ìka sí i. Ẹni tó ń pè é ní Fuggi. Kò sí irọ́ Tanu tó lè dùn mí tó ìyẹn, torí kì í ṣe ojú Tanu ni Pragya ń wò lọ́jọ́ tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́.

Wọ́n sì tún fo ogún ọdún lé e.

Òjò ń rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí mo wo ìyẹn, iná ọba ti lọ láti àárọ̀. Mo rán ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi kékeré pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ ra bẹntiróòlù ní apá Ring Road, ó dé pẹ̀lú aṣọ tó tutù mọ́ ọn lára. Aṣọ ẹbí ọjọ́ Sátidé wà nílẹ̀ láìtíì ní síìpù. A tan jẹnẹrétọ̀, a jókòó. Bí wọ́n ṣe ní ogún ọdún ti kọjá, tí a rí ìbejì Abhi àti Pragya tó pín sí méjì, Prachi lọ́dọ̀ ìyá, Rhea lọ́dọ̀ bàbá, tí àwọn ọmọ náà ò sì mọ̀ pé ọmọ ìyá ni àwọn, ọmọ kékeré yẹn yíjú sí mi. Ó ní, "Àǹtí, ogún ọdún? Èmi gan-an ò tíì pé ogún ọdún." Mo pa jẹnẹrétọ̀. Mi ò lè dá a lóhùn.

Ìdí tí mo fi ń bá yín wí nìyí. Wọn ò ní parí ìjà yẹn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní Íńdíà, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń wọn bí àwọn ènìyàn ṣe wo fíìmù kọ̀ọ̀kan tó. TRP ni wọ́n ń pè é, òun ni àwọn onípolówó ọjà ń wò kí wọ́n tó na owó wọn. Fíìmù yìí ti gba ipò kìíní níbẹ̀ láìmọye ìgbà, apá ẹ̀ sì lé ní 3,000. Ilé tó bá tòrò kò lè bí 3,000 apá. Gbogbo ìgbà tí tọkọtaya yẹn bá fẹ́ sinmi, nǹkan kan gbọ́dọ̀ tú wọn ká. Nígbà tó yá gan-an, ìtàn náà kúrò lọ́wọ́ wọn, ó di ti Prachi ọmọ wọn àti Ranbir olólùfẹ́ ẹ̀, àwọn òṣèré tó ṣe Abhi àti Pragya sì kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ san owó oṣù mẹ́ta sílẹ̀, ta lẹ ń dúró dè?

Bẹ́ẹ̀ Íńdíà ti wò ó kọjá tipẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ lọ ka àkópọ̀ apá tó ń bọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan owó. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n ṣe ṣe é lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ń sọ pé kíkà á tẹ́lẹ̀ ń ba adùn ẹ̀ jẹ́. Ṣé ó burú ju kí ẹ fi ebi sùn láti sanwó fún ìrora? Ẹ wò ó bóyá wọ́n wà pa pọ̀ nínú oṣù náà. Bí wọn ò bá sí pa pọ̀, ẹ fi owó yín sápò.

Ẹ má sì gbé e wọ inú ilé yín. Ìyàwó ilé kan ní àdúgbò wa bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ fóònù ọkọ ẹ̀ wò ní gbogbo òru, torí Tanu. Ọkùnrin tí kì í ṣe ju kó ti Dùgbẹ̀ dé, kó jẹun, kó sùn. Ohun tí Abhi ò ṣe ni kí ẹ ṣe: ẹ béèrè.

Bákan náà, ẹ má rò pé ẹ ti bọ́ nígbà tí ẹ bá sá lọ sínú This is Fate, fíìmù Zee World mìíràn. Inú ilé kan náà ló ti jáde. Àbúrò Pragya ni Preeta. Bí òun àti Karan ọkọ ẹ̀ ṣe ń bá ara wọn lò, ẹ̀yin náà á rí i.

Ìyá mi máa ń sọ fún mi nípa ìgbà tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbí, ní Ìbàdàn, lọ́dún 1959. Ojú fèrèsé ilé ẹnì kan ni wọ́n máa ń dúró sí wòran, bó bá sì ti parí, oníkálùkù á gba ilé ẹ̀ lọ, wọ́n á máa sọ ọ́ lọ́nà títí wọ́n á fi dé ẹnu ọ̀nà. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi náà máa wòran bẹ́ẹ̀.

Ọmọbìnrin tí ojú ẹ̀ wú yẹn padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan láti wọ aṣọ ẹ̀ wò. Wọn ò lè dá owó díkódà padà fún un, ó ti bẹ̀ wọ́n títí. Mo ní kó jókòó. Mo wá apá àtijọ́ jáde lórí fóònù mi, èyí tí Pragya ṣì wọ gíláàsì ẹ̀, tí ìjà wọn ṣì jẹ́ ìjà ẹnu lásán. Mo ń rán etí aṣọ ẹ̀ lọ́wọ́, àwa méjèèjì ń wò ó. Nígbà tí Abhi yíjú, tó pè é ní Fuggi, tí obìnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo na ọwọ́, mo pa á níbẹ̀.