Bí mo ṣe fẹsẹ̀ rin Salvador ní ọjọ́ àkọ́kọ́

Ìlú méjì ló gun ara wọn ní Salvador, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní Bràsíl. Cidade Alta wà lókè, Cidade Baixa wà nísàlẹ̀ létí òkun, òkè gàgàrà ló sì dá wọn láàárín. Ìdí nìyẹn tí mo fi pinnu pé òkè ni n óò ti bẹ̀rẹ̀, tí n óò máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ ti etí òkun máa gòkè bọ̀, ẹ má dá a lóhùn. Oòrùn Bahia ò mọ àlejò.

Àdúgbò Santo Antônio Além do Carmo ni mo wọ̀ sí. Mo tètè jáde láàárọ̀: bàtà pẹlẹbẹ lẹ́sẹ̀, omi lọ́wọ́, owó réàl díẹ̀ lápò, fóònù sì wà nínú báàgì, n ò gbé e dání. Àwọn ilé ibẹ̀ fara ti ara wọn, ọ̀kan búlúù, ọ̀kan yẹ́lò, ọ̀kan pupa rẹ́súrẹ́sú, wọ́n sì ṣe ọnà yí ojú fèrèsé wọn ká. Ẹni tó bá ti rin Popo Àgùdà l'Ékòó rí á ti mọ ibi tí àwọn baba Àgùdà, àwọn tó ti Bràsíl padà wálé, ti kọ́ṣẹ́ bíríkìlà bọ̀.

Láti ibẹ̀, Ladeira do Carmo ló gbé mi sọ̀ kalẹ̀ sí Largo do Pelourinho. Òkúta ni wọ́n tò sójú títì náà, òmíràn yọrí, òmíràn rì, ẹsẹ̀ ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe òkè ilé. Pelourinho ni wọ́n ń pe òpó tí wọ́n máa ń so ẹrú mọ́ nà láyé ìjọ́sí. Ní gbàgede yìí kan náà ni ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ búlúù kan wà, Rosário dos Pretos. Ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ló kọ́ ọ, àti ẹrú àti ẹni tó ti ra ara rẹ̀ padà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1704. Ìgbà tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ olówó wọn tán ni wọ́n tó ń ráyè ṣe tiwọn, ó sì gbà wọ́n tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìlù ni wọ́n fi ń ṣe Mísà ibẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ Ẹtì ni tèmi bọ́ sí, n ò bá a, àmọ́ mo rí aṣọ funfun nígboro bí ẹni pé gbogbo wọn ń lọ sóde kan. Ọjọ́ Òṣàlá (Ọbàtálá tiwa nìyẹn) ni ọjọ́ Ẹtì lọ́hùn-ún, àti ẹni tó ń bọ òrìṣà àti ẹni tí kò bọ ló ń wọ funfun.

Àwọn tó ń ta ríbọ́ọ̀nù Bonfim, okùn aṣọ tí wọ́n ń so mọ́ ọwọ́ láti fi tọrọ nǹkan, á fẹ́ so ó mọ́ yín lọ́wọ́ kí ẹ tó lajú. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ kọjá.

Mo tún gun òkè díẹ̀ dé Terreiro de Jesus, mo wọ Museu Afro-Brasileiro, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà nínú ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn àtijọ́. Bí ẹ ò bá ráyè wo nǹkan mìíràn, ẹ wo pákó kédárì 27 tí Carybé gbẹ́, ọmọ Argentina tó sọ Bahia di ilé. Òrìṣà kọ̀ọ̀kan ló ní pákó tirẹ̀, ẹran tí wọ́n fi ń bọ ọ́ sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Iwájú Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ni mo pẹ́ sí jù. Ọba Kétu ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ọrun àti ọfà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́.

Ebi ló lé mi jáde. Ìyá kan jókòó síta pẹ̀lú gèlè funfun, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, ìkòkò epo pupa tó ń hó níwájú rẹ̀. Ó fi ṣíbí onígi po ẹ̀wà lílọ̀ náà títí ó fi fúyẹ́, ó dá a sínú epo, àkàrà tó tó ìkúùkù wú jáde. Ó wá fi ọ̀bẹ la inú rẹ̀, ó kó vatapá sí i (ẹ̀pà, àgbọn, edé àti epo pupa ló wà nínú rẹ̀), ó bu ilá lé e, ó fi edé gbígbẹ dé e lórí. Ó bi mí bóyá mo ń jẹ ata. Mo ní kó bù ú dáadáa. Tòótọ́ ni, ata wọn kò le tó bí wọ́n ṣe ń fọ́nnu, ṣùgbọ́n àkàrà yẹn wọ̀ mí lára débi pé n ò jẹ nǹkan kan mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ọdún 2005 ni ìjọba Bràsíl ti fi iṣẹ́ àwọn ìyá alákàrà yìí sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè wọn.

Ní Praça Tomé de Souza ni Elevador Lacerda wà, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè sódò láti ọdún 1873. Kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ dúró létí ògiri, kí ẹ wo òkun àti odi róbótó São Marcelo tó dá dúró sáàárín omi. Ṣẹ́ńjì lásán ni mo san, ìṣẹ́jú kan ò sì pé tó fi gbé wa dé ìsàlẹ̀, ẹnu Mercado Modelo. Ilé owó-ibodè ni ọjà náà tẹ́lẹ̀. Lésì, berimbau (ohun èlò orin olókùn kan tó dà bí ọrun), ẹ̀pà kajú, gbogbo rẹ̀ ló wà ńbẹ̀, àwọn ìsọ̀ iwájú ló sì gbówó lórí jù. Ẹ wọnú lọ, kí ẹ ná an.

Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ máa ṣú, ẹ̀rọ náà ni mo tún wọ̀ padà sókè, torí títì ìsàlẹ̀ yẹn máa ń dá gan-an bí ọjà bá ti tú. Takisí ni mo wọ̀ dé ilé.