Ẹja Ti Jáde Nínú Táǹkì, Fítà Ṣì Ń Jẹun

Bí àrùn tó máa ń ta sára ẹja bí ẹyọ iyọ̀ bá wọ táǹkì, gbogbo ẹja là ń kó lọ sínú ike ìtọ́jú, a ó sì fi táǹkì sílẹ̀ láìsí ẹja fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí kòkòrò àrùn náà má rí ara tí yóò gbé. Ní 28°C, kì í pẹ́ kú. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn wá pa fítà, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi táǹkì.

Bakitéríà inú fóòmù fítà ló ń sọ amóníà, májèlé tó ń ti ara ẹja jáde, di nitrite, tí òun náà léwu fún ẹja. Òmíràn ń sọ nitrite di nitrate, tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Amóníà ni oúnjẹ wọn, afẹ́fẹ́ inú omi tó ń ṣàn ni wọ́n ń mí. Ẹ fi méjèèjì dù wọ́n, ọjọ́ tí ẹja bá padà lẹ ó mọ̀: omi á mọ́ gaara, ẹja á sì máa fẹnu gba afẹ́fẹ́ lókè.

Kí bakitéríà lè máa jẹun nígbà tí ẹja kò sí, ẹ wá amóníà olómi 10%, tí kò ní lọ́fínńdà. Ẹ mi ìgò rẹ̀. Bó bá hó tí ìfófòó náà kò tètè lọ, ọṣẹ wà níbẹ̀, ẹ má lò ó. Ẹ má jẹ́ kó fara kan Hypo rárá, gáàsì olóró ni wọ́n máa ń dà.

Fún táǹkì lítà 100, mílílítà 1 á fún yín ní nǹkan bíi mílígíráàmù 1 nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi síríńjì wọn mílílítà 2 sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ dán omi wò: bí amóníà àti nitrite bá jẹ́ òdo, ara bakitéríà le. Lẹ́yìn náà, mílílítà 1 ní ọjọ́ méjì-méjì tó. Bí amóníà kò bá tíì tán, ẹ má fi kún un. Tí ìgbín tàbí edé bá ṣì wà nínú táǹkì, ẹ má da amóníà rárá. Oúnjẹ ẹja fín-ín-fín tí ẹ ń fún wọn ti tó. Bí kò bá sí ìgbín tàbí edé níbẹ̀, oúnjẹ ẹja lè ṣiṣẹ́ dípò amóníà, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kó tó jẹrà, omi á dọ̀tí, ẹ ò sì ní mọ iye amóníà tó dà.

Iná ọba ni ọ̀tá gan-an. Nínú fítà onídérí, èyí tó dé pa bí agolo, fóòmù lè há sínú omi tí kò ṣàn fún wákàtí díẹ̀, kí bakitéríà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ yọ fóòmù náà sínú táǹkì, kí ẹ fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ oníbátìrì fẹ́ ẹ. Bó bá ti ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, omi táǹkì lẹ ó fi ṣàn án kí ẹ tó tan fítà. Omi ẹ̀rọ tó ní chlorine á pa èyí tó kù.

Tó bá ku ọjọ́ kan kí ẹja padà, ẹ da mílílítà 2. Bí amóníà àti nitrite bá di òdo láàárín wákàtí 24, ẹ pààrọ̀ ìdajì omi, torí nitrate ti pọ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì dá ẹja padà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Àwọ̀n tí ẹ lò nínú ike ìtọ́jú kò gbọdọ̀ wọ inú táǹkì.